Etí pílásímà ni iṣẹ́ kù sí, kì í ṣe àárín rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Inú àwa tí a ń kọ́ni ní fisíìsì dùn pé ẹ fi odidi ojú ewé kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ẹ pè ní “oòrùn àtọwọ́dá”, èyí tí wọ́n fẹ́ fi da átọ́ọ̀mù háídrójìn pọ̀ kí a lè rí iná mànàmáná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, ìgbóná ṣáá ni. Mílíọ̀nù 150 díígírì, ìlọ́po mẹ́wàá ìgbóná àárín oòrùn: ẹ kọ ọ́ sí àkọlé, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán, ẹ tún fi ká ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé bí wọ́n bá ti lè mú un gbóná tó, iṣẹ́ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú un gbóná tó tipẹ́. Etí pílásímà náà (gáàsì tó gbóná débi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ya kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀) ló ń fún àwọn onímọ̀ ní wàhálà, ìyẹn ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tó kángun sí ògiri ẹ̀rọ, níbi tí ooru àti èérún pílásímà, ìyẹn ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù), ti ń sá jáde. Ibẹ̀ ni lẹ́tà yìí dá lé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe rí. Tokamak ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1950. Àgbá irin ńlá tó yí po, tó sì ní ihò láàárín ni. Wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á tú ìwọ̀nba gáàsì deuterium àti tritium, oríṣi háídrójìn méjì, sí i, tí wọn yóò sọ di pílásímà. Kọ́ìlì tí iná ń gbà kọjá ló yí àgbá náà ká, òòfà tí kọ́ìlì wọ̀nyí ń dá sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí pílásímà kan ògiri. ITER, tokamak tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jùmọ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Cadarache ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ló tóbi jù. Mítà 6.2 ni láti àárín ihò rẹ̀ dé àárín pílásímà, pílásímà náà yóò sì gba àyè tó kúbíìkì mítà 840. Síbẹ̀, gbogbo epo tó máa wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tó gíráàmù kan. Ní JET, tokamak mìíràn tó wà ní Culham nítòsí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí mẹ́gáwáàtì 16 ní 1997. Ní oṣù kẹwàá 2023, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà tì ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n rí mẹ́gájúùlù 69 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, láti ara epo tí kò ju mìlígíráàmù 0.2 lọ. Ẹ rí i pé iná ti ràn.

Oríṣi méjì ni ìlà òòfà inú tokamak. Àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún ń yí po láìlópin, wọn kì í kan nǹkan kan; èérún tó bá dì mọ́ wọn a máa bá wọn yí. Àwọn tó wà lóde, lẹ́yìn ààlà ìkẹyìn, máa ń já sára irin ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tàbí áyọ́ọ̀nù tó bá ré ààlà yìí kọjá ti di ti irin náà nìyẹn: yóò bá ìlà òòfà sáré lọ ní ọ̀pọ̀ mítà, yóò sì balẹ̀ sórí àwọn àwo tí wọ́n ń pè ní divertor. Láàárín sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni ìgbóná ti ń já láti ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù-fólítì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá sí ẹ̀wá mélòó kan péré. (Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù-fólítì kan tó nǹkan bíi díígírì 11,600, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ “péré” kó rò pé ó ti tutù.)

Kí ló wá ń mú èérún ré ààlà? Ìṣirò àtijọ́ ní kíkọlura ni: áyọ́ọ̀nù kan kọlu èkejì, ó sì sún díẹ̀ kúrò lórí ìlà òòfà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, pílásímà ì bá máa sun jáde jẹ́jẹ́ bí omi ṣe ń sun lára amù, à bá sì ṣírò rẹ̀ kalẹ̀ ká lọ sùn. Ohun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n kò jọ ọ́ rárá. Iye tó ń jáde fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti kíkọlura lọ, kì í sì í sun: ó ń ṣù, ó ń já, ìṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, láìní àkókò kan pàtó.

Bí ìṣù náà ṣe ń gbéra rèé. Ìlà òòfà inú tokamak tẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ní ìhà tó kọjú sí ihò àárín ju ìhà òde lọ. Nítorí èyí, áyọ́ọ̀nù máa ń ṣí lọ sókè, ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù a sì ṣí wá sísàlẹ̀ (bí wọ́n bá yí ojú òòfà padà, ọ̀nà àwọn méjèèjì á yí padà pẹ̀lú). Níbi tí pílásímà bá ti kì ju àyíká rẹ̀ lọ, orí ìṣù á di pọ́sítíìfù, ìdí rẹ̀ á di nẹ́gátíìfù, agbára iná á sì wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agbára iná tó bá dábùú òòfà máa ń gbé pílásímà lọ sí apá kẹta, tó dábùú àwọn méjèèjì. Ní ìhà òde ẹ̀rọ, ọ̀nà ògiri ni apá kẹta yẹn. Ìṣù ló gbé ara rẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó tì í. Ní ìhà inú ẹ̀wẹ̀, ìṣípòpadà kan náà ń dá a padà sí àárín pílásímà, ìdí nìyẹn tí rúkèrúdò, ìyẹn bí pílásímà ṣe ń gbọ̀n tó ń dàrú, fi máa ń pọ̀ lóde tí inú sì máa ń pa rọ́rọ́. Ìṣù kan lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ó máa ń gùn tọ ìlà òòfà ní ọ̀pọ̀ mítà. Eré rẹ̀ máa ń wà láàárín mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ohun kan wà tó ń dín eré rẹ̀ kù, òun sì ni a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fi sọ́kàn, torí a óò padà sórí rẹ̀. Iná tó kó jọ sí orí àti ìdí ìṣù lè ṣàn gba ojú ìlà òòfà lọ sára irin divertor, kó parẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀nà yìí bá là, ìṣù á falẹ̀. Bí pílásímà tó wà níwájú divertor bá tutù tó sì kì, iná kì í rí ọ̀nà ṣàn dáadáa, ìṣù á wá sáré. Ìdí kan nìyí tí ẹni tó bá ń fi gáàsì kún inú ẹ̀rọ ṣáá yóò fi rí i pé pílásímà ń fẹ̀, ó ń dé ara ògiri tí kò yẹ kó dé. Ìkì náà ní òpin lọ́tọ̀. Òfin tí Martin Greenwald gbé kalẹ̀ ní 1988 rọrùn: mú iná tó ń ṣàn nínú pílásímà ní mílíọ̀nù ańpíà, pín in sí π lọ́nà rédíọ́ọ̀sì kékeré pílásímà (láti àárín pílásímà dé etí rẹ̀) tí a ti sọ di púpọ̀ ní ara rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ìkì ní 10²⁰ èérún sí kúbíìkì mítà kan. Fún ITER, 15 pín sí 3.14 × 2 × 2 ni, ó jẹ́ 1.19. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ ọn, etí ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ gbogbo èyí? Ọ̀pá Langmuir ló sọ èyí tó pọ̀ jù. Irving Langmuir, ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ ohun yìí ní plasma ní 1928, ló dá ọgbọ́n náà: ki ìmú wáyà bọ inú pílásímà, fún un ní fólítì, kí o wo iye iná tó bá gbà. Nínú tokamak, gíráfáìtì tàbí tungsten (irin tí kì í tètè yọ́) ni wọ́n ń fi ṣe ìmú náà, mìlímítà mélòó kan péré, tí wọ́n fi boron nitride wé ìdí rẹ̀ kí iná má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Apá irin ló ń jù ú wọlé tó sì ń fà á jáde láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá pẹ́ jù, á yọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye èérún tó ń jáde nílò ìmú mẹ́ta, ó kéré tán. Ọ̀kan, wọ́n á fún un ní fólítì nẹ́gátíìfù tó tó 150 sí 200, kó lè lé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù dànù, kó ku áyọ́ọ̀nù nìkan tí yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná tó gbà ló ń sọ bí pílásímà ṣe kì tó. Àwọn méjì yòókù, wọn kì í fún wọn ní nǹkan kan, wọ́n á kàn jẹ́ kí wọ́n léfòó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 5. Bí fólítì wọn bá fi 5 jura lọ, agbára iná ibẹ̀ jẹ́ fólítì 1,000 sí mítà kan. Pín in sí agbára òòfà: bó bá jẹ́ tẹ́sílà 2, pílásímà ń rìn ní mítà 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ èyí sílẹ̀ nígbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn náà, yọ ìwọ̀n àárín kúrò lára ìkì, yọ ọ́ kúrò lára eré, sọ ìyókù ìkì di púpọ̀ ní ìyókù eré, kí o wá ìwọ̀n àárín èyí tó jáde. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ìkì pọ̀ náà ni eré kọjú sóde, èérún ń sọ nù. Bí ìkì bá ń lọ sókè tí eré kò sì bá a rìn, rúkèrúdò lè pọ̀ bó ti wù kó pọ̀, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà káàkiri ló ń fo kókó yìí: wọ́n á ní rúkèrúdò ga, nítorí náà àdánù ga. Irọ́ ni. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn ló ń pinnu rẹ̀.

Ibi tí ìwọ̀n yìí ti ń ṣini lọ́nà pọ̀. Fólítì ìmú tó ń léfòó kì í ṣe fólítì pílásímà fúnra rẹ̀. Nínú deuterium, ó máa ń fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìgbóná ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kéré sí i. Bí inú ìṣù bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, fólítì 5 tí a rí yẹn lè jẹ́ ti ìyàtọ̀ ìgbóná, kó má jẹ́ ti agbára iná rárá. Àwọn tó fẹ́ ṣe é dáadáa máa ń mú ìmú náà pọn débi tí òun fúnra rẹ̀ á máa tú ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, kí fólítì rẹ̀ lè sún mọ́ ti pílásímà. Wáyà náà ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Wáyà kóáàsì, irú tí wọ́n ń lò fún eriali tẹlifíṣọ̀n, ń mú iná dání tó nǹkan bíi pikofárádì 100 lára mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà mẹ́wàá jẹ́ 1,000, bí a bá sì fi résítọ̀ kìlóómù 10 sí i, ohun gbogbo tó bá yára ju ìgbà 16,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á rẹ̀ dànù. Ìṣù kan kì í ju ẹ̀wá mélòó kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó kọjá níwájú ìmú. Ẹni tó lo wáyà gígùn àti résítọ̀ ńlá á rí òkè pẹlẹbẹ kan tó jókòó jẹ́ẹ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé etí ẹ̀rọ òun pa rọ́rọ́. Ẹ gbé résítọ̀ kékeré sí i, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń gbé àmì lágbára sún mọ́ ìdí ọ̀pá. Tún ṣọ́ra fún ìmú tó ti gbóná ju ìwọ̀n: á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù láìgba àṣẹ, iná tó ń gbà á máa ga, ìkì á sì dà bí ẹni pé ó ń pọ̀ lórí ìwé nígbà tí kò sí nǹkan tó pọ̀. Bí ìmú kan bá sì wà lẹ́yìn èkejì lórí ìlà òòfà kan náà, ó ti ṣíji bò ó nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ìmú àkọ́kọ́ ń yà jáde nítòsí ògiri. Fún ìgbà pípẹ́, ìlà náà á wà nílẹ̀ tí á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lójijì á ga fíofío, iwájú rẹ̀ á gún ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ á rọra dà sílẹ̀, á tún padà sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ihò jíjìn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ nísàlẹ̀. Òkè nìkan ló ń ga sí. Bí a bá ka iye ìgbà tí ìkì kọ̀ọ̀kan wáyé, gíráàfù rẹ̀ á fì sí apá kan, ìrù rẹ̀ á gùn. Èyí ló mú kí ìwọ̀n àárín nìkan jẹ́ ohun tí kò tó fún ẹni tó ń ṣe ògiri: àwọn ìṣù ńláńlá tí kì í wọ́pọ̀ ló ń họ irin.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà wò ó ni kámẹ́rà. Wọ́n á fẹ́ hílíọ́ọ̀mù tàbí deuterium díẹ̀ sí etí pílásímà. Ibi tí ìṣù bá ti kan gáàsì náà á tàn yòò, kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó lé ní 100,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á sì máa tọ ipa rẹ̀. Kò sí ìmú tó lè yọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé títàn náà dá lé ìkì àti ìgbóná pa pọ̀, gáàsì náà sì ń jó tán bó ti ń wọlé lọ, nítorí náà kò rọrùn láti ti ara ìmọ́lẹ̀ mọ iye èérún.

Ní 1982, ní ASDEX, tokamak kan tó wà ní Garching ní Jámánì, Fritz Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi kún agbára tí wọ́n fi ń gbé pílásímà gbóná. Nígbà tó kọjá ìwọ̀n kan, rúkèrúdò etí ṣàdédé lọ sílẹ̀. Pílásímà ń rìn ní etí, ìpele kan ń yára ju ìpele tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ eré yìí sì ń ya ìṣù wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó tó rìn jìnnà. Ooru tí pílásímà lè mú dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ayọ̀ náà kò pé. Bí etí bá ti pa, ìfúnpá á máa kó jọ síbẹ̀ títí tí kò fi ní lè gbà mọ́, á wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, á sì da ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ooru pílásímà sórí divertor. Nínú ẹ̀rọ kékeré, irin ń fara dà á. Nínú ITER, á yọ́ etí àwo tungsten, bẹ́ẹ̀ tungsten kì í yọ́ àfi ní 3,422 díígírì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé kọ́ìlì kékeré 27 sínú àgbá náà, láti fi da òòfà etí rú díẹ̀, kó lè máa jò níwọ̀nba dípò kó bú. Jíjò yìí pọn dandan ní ọ̀nà mìíràn. Hílíọ́ọ̀mù tó jẹ́ eérú ìdàpọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde, àti tungsten tó ti ara ògiri họ wọlé; bí tungsten bá kó jọ sáàárín, yóò máa tan ooru dànù títí pílásímà á fi kú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ohun tí wọ́n ń wá ni kí nǹkan kan má jáde kò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Ibi tí ooru ń balẹ̀ sí ló le jù lójú tiwa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́gáwáàtì 500 ni wọ́n ń retí láti inú ITER nígbà tí wọ́n bá fi 50 gbé pílásímà rẹ̀ gbóná. Niútírọ́ọ̀nù, èérún tí kò ní iná lára, ló ń gbé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, òòfà kò sì lè dá a dúró, ó ti gba inú ògiri lọ. Ìdá kan tó kù, ìyẹn 100, wà lọ́wọ́ hílíọ́ọ̀mù. Fi 50 yẹn kún un, yọ èyí tó tàn dànù láti àárín, nǹkan bí 100 ló máa gba etí jáde. Òbìrí pílásímà jẹ́ 2 × 3.14 × 6.2, ìyẹn mítà 39. Ìwọ̀n tí Thomas Eich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ láti inú oríṣiríṣi tokamak, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé bèbè tí ooru ń gbà ṣàn lè má ju mìlímítà kan lọ nínú ITER. Mítà 39 lọ́nà mìlímítà kan jẹ́ 0.039 sikúéà mítà. Bí ẹ bá pín 100 sí i, ó lé ní mẹ́gáwáàtì 2,500 sórí sikúéà mítà kan. Àwo tungsten tí omi ń tu inú rẹ̀ lè gba 10 pẹ́ títí, ó lè gba 20 fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ń fi ìlà òòfà fẹ̀ ẹ́ kó tó dé ilẹ̀, wọ́n ń dẹ àwo náà kó lè gba ooru ní ìdábùú, ṣùgbọ́n méjèèjì kò tó. Èyí tó kù ni kí wọ́n fẹ́ gáàsì neon tàbí náítírójìn síwájú divertor, kí ooru di ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká sí gbogbo ògiri, kí pílásímà tó ń kan àwo má ju ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù-fólítì 5 lọ. Bí neon bá kéré, àwo jó. Bó bá pọ̀ jù, ibi tútù náà á máa gòkè, á wọ àárín, pílásímà á dà nù, iná mílíọ̀nù ańpíà 15 á sì kú láàárín ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, kò sì ní kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àyè tó wà láàárín kíkéré àti pípọ̀jù yìí tẹ́ẹ́rẹ́. Rúkèrúdò tí gbogbo ayé ń bú wá di ohun tí wọ́n ń bẹ̀ níhìn-ín: bó bá lè mú kí mìlímítà kan yẹn fẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta, ìdajì wàhálà divertor ti lọ.

Ó wá kan Ìbàdàn. Láti nǹkan bíi kìlómítà 100 lókè orí wa, pílásímà ló wà níbẹ̀, oòrùn ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìbàdàn kò sì jìnnà sí ìlà agbedeméjì òòfà ayé, níbi tí ìlà òòfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja láti gúúsù sí àríwá, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì á wá tẹ̀ wálẹ̀. Lọ́sàn-án, ìpẹ̀kun wọ̀nyí ń já sínú ìpele ìsàlẹ̀ tí oòrùn ti mú kí iná máa gbà kọjá dáadáa. Iná yòówù kó kó jọ lókè, á ṣàn wálẹ̀, á parẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ yìí á ṣá kíákíá, ìpele òkè á sì gbéra sí i, tí pílásímà tó kì á wá jókòó sórí àyè tó ṣófo. Ìfàmọ́ra ilẹ̀ ń fà á. Áyọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù á ya ara wọn, iná á kó jọ, kò sì ní rí ibi ṣàn sí mọ́. Ihò tó ṣófo á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ní mítà ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè dé ẹgbẹ̀rún kìlómítà sókè.

Ẹ fi ìfàmọ́ra ilẹ̀ sí ipò títẹ̀ ìlà òòfà, ẹ fi ìpele ìsàlẹ̀ sí ipò irin divertor: ìṣirò kan náà ni. Nínú tokamak, ohun tó kì ló ń jáde. Lókè Ìbàdàn, ohun tó ṣófo ló ń gòkè. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi rédíò wọn ìpele wọ̀nyí, àmì tó fọ́n ká lálẹ́ tí wọ́n sì rí nígbà náà wà nínú ìwé ìmọ̀ títí dòní. Ọ̀dọ́ tó bá mọ etí pílásímà níhìn-ín kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, kò sì nílò tokamak.

Àmì sátẹ́láìtì tó bá gba àárín àwọn ihò wọ̀nyí kọjá máa ń gbọ̀n, agbára rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Nítorí náà, ohun tó nílò ni ẹ̀rọ GPS tó lè kọ agbára àmì sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an ń kọ ọ́ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó rọ̀ jù ń kọ ọ́ nígbà kan sí mẹ́wàá, kò dára tó, ṣùgbọ́n ó tó láti fi rí ìdàrúdàpọ̀ ńlá. Díbẹ́lì, òṣùwọ̀n agbára àmì, ni ẹ̀rọ máa ń fi kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di agbára gidi, ìyẹn 10 tí ẹ gbé sí ìdá mẹ́wàá díbẹ́lì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣírò lórí díbẹ́lì tààrà tí ìdáhùn wọn fi ń wọ́. Ẹ yọ ìyípadà tó ń falẹ̀ kúrò, èyí tó wá láti inú pé sátẹ́láìtì ń rìn lójú ọ̀run. Fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ wá bí agbára náà ṣe ń yà kúrò lára ìwọ̀n àárín rẹ̀, kí ẹ pín in sí ìwọ̀n àárín náà. S4 ni wọ́n ń pè é. Bó bá ré 0.3 kọjá, ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Bó bá ré 0.6, ó ti le.

Páànù ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Láti Òkè Pádí títí dé Òjóò, òrùlé páànù ló tẹ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ta àmì sátẹ́láìtì padà, tí S4 á fi ga nígbà tí ojú ọ̀run pa rọ́rọ́. Ẹ ju sátẹ́láìtì tí kò ga tó 30 díígírì sójú ọ̀run nù. Ìdánwò tó dájú tún wà: sátẹ́láìtì GPS máa ń padà sí ojú kan náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ. Bí òkè tí ẹ rí ní aago 8:20 alẹ́ àná bá tún yọ ní 8:16 lónìí, ní 8:12 lọ́la, páànù ni. Ihò ojú ọ̀run kì í tẹ̀ lé aago bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì so ó mọ́ iná ọba. Ẹ fi bátìrì sí i, nítorí pé àárín aago méje àbọ̀ sí ọ̀gànjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ náà ni iná máa ń lọ.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tó fún ìyókù. Ètò kan náà tó ń ka ìṣù inú tokamak, tó ń wá gígùn iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ àti àlàfo àárín èkíní àti èkejì, lè ka ihò ojú ọ̀run láìyí ju ìlà mélòó kan padà. Oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni àwọn ihò náà máa ń pọ̀ jù lókè wa. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kí eriali rẹ̀ ti wà lórí òrùlé ní ìparí oṣù kẹjọ, kó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ páànù àdúgbò rẹ̀ dáadáa kí ihò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Àwa ni,
Àwọn olùkọ́ fisíìsì kan,
Ìbàdàn.